Bí Ọmọ Wa Bá Lóyún Láìtíì Dàgbà

    

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń fẹ́ sọ níta. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin wa ni, tó lóyún nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ. Ọmọ ọdún 14, ọmọ ọdún 15, ọmọ ọdún 16.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Kò lè ṣẹlẹ̀ nílé mi.” Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2017 sí 2018, bí a bá ka ọmọbìnrin márùn-ún tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 19, ọ̀kan nínú wọn ti bímọ tàbí ó ti lóyún. Ọ̀kan nínú márùn-ún! Ẹ wo ìlà àtẹ yín lọ́jà, ẹ ka àwọn ọmọbìnrin tó ń bá ìyá wọn tajà. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: bí oyún bá ti wà nínú ọmọ náà, ìtìjú àti ìbínú wa ló ń mú kó sá pamọ́, ibi tó sá pamọ́ sí yẹn ni àìsàn ti ń rí i kí àwa tó rí i.

Ọmọ tí mo bú

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Agbẹ̀bí ni mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá bá mi níbi iṣẹ́. Ọmọ ọdún 15 ni, ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Òun nìkan ló wá. Oyún rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́rin, ó sì fi aṣọ di ikùn rẹ̀ pinpin kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Lọ́jọ́ yẹn, èrò pọ̀, ó ti rẹ̀ mí. Bí mo ṣe rí i, n kò tilẹ̀ dáhùn ìkíni rẹ̀. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, kí lo wá ṣe níbí? Ìyá rẹ dà? Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ní kó o lọ kọ́ nìyí?” Àwọn obìnrin tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wolẹ̀. Mo ní kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó dìde, ó lọ. Kò padà wá.

N kò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. N kò fi ẹ̀rọ de apá rẹ̀. N kò fún un ní oògùn kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni mo fún un, ọ̀rọ̀ náà ló sì lé e lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lóru, a gbọ́ ariwo zẹ́mì lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ yẹn ló wà láàárín, ìyá rẹ̀ gbá a mú látẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ wú, ọwọ́ rẹ̀ wú, gìrì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì nílé. Ìyá rẹ̀ ń ké pé ayé ti pa ọmọ òun. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá náà mọ̀ pé ọmọ òun lóyún. Kí wọ́n tó gbé e wá, wọ́n ti fi wákàtí mẹ́ta wá ẹni tó máa bá wọn tú ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ayé.

Màá parí ìtàn ọmọ yìí fún yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣe é.

Agbè tí kò tíì gbó

Bí ọmọ bá kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, a máa ń tù ú nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ agbè mọ̀ pé èyí tí a já kó tó gbó, bí a bá pọn omi sí i, agbè náà gan-an ló máa bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún 15 ṣe rí. Ó ga, ó lọ́mú, ó ń ṣe nǹkan oṣù, a wá rò pé ó ti di obìnrin. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ ṣì ń fẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ, ó ṣì ń fi dàgbà ni. Bí oyún bá wọ̀ ọ́, ọmọ méjì ló ń jẹ nínú abọ́ kan: ọmọ tó wà nínú, àti ọmọ tó gbé e.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé àwọn ìyá tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún máa ń ní gìrì oyún àti àkóràn lẹ́yìn ìbímọ ju àwọn tó wà láàárín 20 sí 24 lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí náà, wọ́n sábà máa ń kéré, wọ́n máa ń dé kí oṣù tó pé, àìsàn líle sì tètè máa ń bá wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ewu náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì oyún. Òun ló bá ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù karùn-ún, oyún àkọ́kọ́ ló sì fẹ́ràn jù. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán rí ẹ̀jẹ̀ ríru. Agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ de apá. Bí ó bá ti dé ohun tí àwa agbẹ̀bí ń pè ní 14 lórí 9, tí àwọn ẹ̀rọ kan ń kọ ní 140 lórí 90, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. A ó tún yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Nílé, ohun tí ẹ lè rí nìyí: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí bí ìràwọ̀, inú tó ń dun ni lókè lábẹ́ egungun ìhà, ojú àti ọwọ́ tó wú. Ẹsẹ̀ tó wú lálẹ́ lè jẹ́ ti oyún lásán. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jí láàárọ̀ tí ojú rẹ̀ wú, tí òrùka kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ má sọ pé oyún ọmọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Bí gìrì bá wá gbé e ńkọ́? Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Gìrì yìí kì í ṣe wárápá. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá, kì í ṣe iṣẹ́ ìyàwó bàbá. Oyún ló mú un wá, ó sì ní oògùn. Sulfate de magnésium ni abẹ́rẹ́ náà ń jẹ́, ó ń dá gìrì yìí dúró. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dá a dùbúlẹ̀ kí itọ́ lè máa jáde. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má da àgbo sí i lọ́nà ọ̀fun, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ ṣáà máa gbé e bọ̀. Ẹ sì rántí pé gìrì yìí lè dé lẹ́yìn tó ti bímọ tán, nítorí náà ẹ má ṣíwọ́ ìṣọ́ nígbà tí ẹ bá gbọ́ igbe ọmọ.

Èkejì ni àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ibà. Ibà ẹ̀fọn fẹ́ràn oyún àkọ́kọ́. Ó máa ń sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, ó ń jẹ oúnjẹ ọmọ mọ́ ọn lẹ́nu, ìyá lè má gbóná rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún aláboyún ní oògùn ibà gbé mì láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí oṣù kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kó sì sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn sí. Kó máa gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì lójoojúmọ́. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú, oògùn náà ni, ẹ má jẹ́ kó torí ẹ̀ dá a dúró.

Èkẹta ni ìrọbí tó pẹ́. Bí egungun ìbàdí kò bá tíì fẹ̀ tó, orí ọmọ á há. Ọmọ lè kú síbẹ̀. Ìyá lè yè, kí orí ọmọ ti tẹ ara rẹ̀ pa láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, kí ìtọ̀ wá máa jò tọ̀sán tòru. Ẹ ti rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n á ní ó ń rùn, ọkọ á lé e, kò ní lè jókòó lọ́jà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé kì í ṣe èpè. Wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ tún un ṣe. Ní ilé ìwòsàn Tanguiéta, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń tún un ṣe fún àwọn obìnrin. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó wà nínú ìdààmú yìí, ẹ ní kó bi agbẹ̀bí tàbí dókítà léèrè ọ̀nà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ bímọ sílé. Bí ìrọbí bá ti mú un, kó ti wà níwájú agbẹ̀bí, kí a lè tètè mọ̀ bí ọmọ kò bá sọ̀kalẹ̀. Ẹ má fún un ní àgbo tó ń mú ìrọbí yára. Bí ọ̀nà bá há, tí àgbo sì ń ti ọmọ, ilé-ọmọ lè ya.

Ẹ̀kẹrin ni ẹ̀jẹ̀ àti àkóràn lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń rin aṣọ kan tẹ̀ lé èkejì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ inú. Ara gbígbóná, inú dídùn àti ohun tó ń rùn tó ń jáde lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe òtútù. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé wọn lọ.

Èyí tó kẹ́yìn, a kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ń bẹ̀rù wa, ó lè lọ ra oògùn ní kọ̀rọ̀, tàbí kó mu àdàlù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ júwe, kí oyún lè bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á ya, ilé-ọmọ á kẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ọmọ yín, tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló mu. Ẹ gbé e lọ. Ìbéèrè á dúró de ìgbà tó bá yè.

Ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ yẹn ló máa pinnu bóyá ọmọ náà á padà sọ́dọ̀ yín nígbà tí orí bá ń fọ́ ọ. Mo mọ̀ pé inú yín á bàjẹ́. Owó ilé ìwé tí ẹ san, owó ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ fi èrè ata àti tòmátì kó jọ, gbogbo ẹ̀ á wá sí yín lọ́kàn. Ẹ sọkún bí ẹ bá fẹ́ sọkún. Ṣùgbọ́n ẹ má lé e síta, ẹ má sì rán an lọ sí abúlé kí ojú má baà rí i. Ẹ sọ fún un pé, “Mo ti mọ̀. Jókòó. Ṣé o ti jẹun? Lọ́la èmi pẹ̀lú rẹ á jọ lọ sílé ìwòsàn.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara bá balẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ ẹ. Ó lè jẹ́ àgbà kan ló fi ipá mú un, ẹni tí ẹ̀yin náà ń kúnlẹ̀ kí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi owó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọmọdé wà ní kọmúùnù yín.

Ẹ má sì gbà kí wọ́n tìtorí oyún fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Òfin ọmọdé tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2015 kò fàyè gba kí a fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 fún ọkọ. Ẹni tó fún un lóyún lè tọ́jú ọmọ tirẹ̀ láìgbé ọmọ yín lọ sílé.

Ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, kó jẹ́ kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Lápapọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún rí agbẹ̀bí ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kó tó bímọ. Bí oṣù bá ti lọ kí ẹ tó mọ̀, ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Oṣù keje sàn ju kò lọ rárá lọ. A ó wọn ọmọ náà, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, a ó gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, a ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé oyún rẹ̀. Kó máa mú ìwé náà dání níbikíbi tó bá ń lọ.

Bí agbẹ̀bí kan bá bú ọmọ yín, bí èmi náà ti bú ọmọ yẹn, ẹ má gbé e padà sílé. Ẹ sọ fún agbẹ̀bí náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ màdáámù, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná.” Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò le. Ohun tí ẹ ń tà lọ́jà náà ni: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, wàrà, tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀, ọsàn. Ẹ má sọ pé kó dín oúnjẹ kù kí ọmọ má baà tóbi jù. Ọmọ tó kéré ni ìṣòro tiwa níbí. Ẹrù wúwo lórí, ẹ bá a sọ ọ́ kalẹ̀.

Kí oṣù kẹjọ tó dé, ẹ jókòó yanjú nǹkan mẹ́rin. Ta ló máa gbé e lọ lóru? Ẹ gba nọ́ńbà fóònù zẹ́mì tàbí ọlọ́kọ̀ tó ń gbé nítòsí. Ta ló lè fún un lẹ́jẹ̀? Owó wo ló wà nílẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ, ẹ lè ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó máa yí ká láàárín yín. Ẹ̀kẹrin, tó ṣe pàtàkì jù: ta ló máa sọ pé “ẹ máa gbé e lọ” bí bàbá rẹ̀ kò bá sí nílé tí ẹ̀yin sì wà lọ́jà? Ẹ ti gba àṣẹ yẹn sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi ìdajì ọjọ́ dúró de bàbá.

Nípa owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ dá yín dúró sílé. Láti ọdún 2009 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ṣètò pé kó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn. Ní Tógò, ètò Wezou bẹ̀rẹ̀ ní 2021 láti gbé lára ìnáwó aláboyún àti ọmọ tuntun. Ẹ béèrè lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, kẹ́ ẹ mọ ilé ìwòsàn wo ló wà nínú ètò náà àti ohun tí ẹ ó san fúnra yín.

Ọmọ tuntun tó kéré

Ọmọ tó bá dé kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé, kò pé oṣù nìyẹn. Ọmọ tí kò bá tó kílò méjì ààbọ̀, ó kéré. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rá lára, òtútù ló kọ́kọ́ ń pa á. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti bí i, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò, kí wọ́n fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Kó mu ọmú láàárín wákàtí kìíní. Wàrà àkọ́kọ́ tó pọ́n yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má fún un dànù. Ẹ má wẹ ọmọ títí wákàtí 24 á fi pé, kódà bí ìyá àgbà bá ń bínú. Ẹ má fi epo, eérú, ìgbẹ́ ẹran tàbí nǹkan kan tí agbẹ̀bí kò fún yín sí ìwọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a ń gbà tọ́jú ọmọ tó kéré jù, a ń pè é ní ìtọ́jú kangaroo. Ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ ìmóoru kò tó. Ẹ ó kàn fi aṣọ ìledìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ wọ ọmọ, ẹ ó gbé e dúró sáàárín ọmú méjèèjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ẹ ó fi ọ̀já dì í mọ́ àyà. Bí a ṣe ń pọn ọmọ sẹ́yìn, ẹ pọ̀n ọ́n síwájú. Tọ̀sán tòru ni. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Nàìjíríà àti Gánà wà lára wọn, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kété tí wọ́n bí ọmọ, ikú àwọn ọmọ kéékèèké dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń dúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀. Bàbá lè ṣe é. Ìyá àgbà lè ṣe é.

Ẹ fún un lọ́mú ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, bó bá ń sùn ẹ jí i. Bí kò bá lè fà á, ẹ fún wàrà náà sínú ife mímọ́, ẹ rọra fi fún un. Títí oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan. Kò sí omi, kò sí àgbo.

Bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí ó tutù, bí ó bá ń mí sókè sódò tí ìhà rẹ̀ ń wọlé, bí gìrì bá gbé e, bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí i ìyeyè, bí ìwọ́ rẹ̀ bá ń ṣọyún, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ dì í mọ́ àyà, ẹ máa bọ̀.

Lẹ́yìn ìkómọ

Bí a bá kómọ tán, tí àlejò lọ, ìyá ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó fún àlejò. Bó bá ń dá sọkún, tí kò fẹ́ wo ojú ọmọ, kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ sọ fún agbẹ̀bí.

Kó má sì lóyún mìíràn kí ọdún méjì tó pé. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà tó bá ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú mu, bí èyí tí a ń fi sábẹ́ awọ apá. Kò ní sọ ọ́ di àgàn. Nígbà tó bá tún fẹ́, a ó yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà, kó padà sí ilé ìwé, kó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìyá tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ á lè ra oògùn fún ọmọ rẹ̀.

Ọmọ yẹn ńkọ́?

Mo ní màá parí ìtàn náà. A gún un lábẹ́rẹ́ náà lóru ọjọ́ yẹn. Ọkọ̀ ìwòsàn gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde. Obìnrin ni. Kílò kan àti gíráàmù 700 ló wọ̀n. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ fi wà láìlè gbé e dání. Ìyá àgbà, ẹni tó ń ké pé ayé ti pa ọmọ òun, òun ló bọ́ bùbá rẹ̀, tó di ọmọ náà mọ́ àyà. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti àtẹ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ló ń bá a ta ẹrù rẹ̀, alaalẹ́ ni wọ́n ń gbé owó rẹ̀ wá fún un.

Nígbà tí mo lọ kí wọn, ọmọbìnrin náà wò mí, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?”

N kò rí èsì fún un kíákíá. Mo kàn dì í lọ́wọ́ mú. Èmi ló yẹ kó máa bínú sí. Bí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí mo sì ní kó máa padà wá, a ì bá ti rí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn kó tó di gìrì. Àwọn méjèèjì yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tí kò yè. Láti ọjọ́ náà, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọlé, mo máa ń pè é sí yàrá, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń fi ẹ̀rọ de apá rẹ̀ kí n tó bi í ní ohunkóhun.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ni àgbà ọjà. Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin tó ń fi ìró di ikùn pinpin láàárín àtẹ, yálà tiyín ni tàbí ti ẹlòmíràn, ẹ fà á mọ́ra, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gbogbo aláboyún wa, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.